Darko Jorgić ti Slovenia: báwo ni ọmọ orílẹ̀-èdè kékeré ṣe ń dé òkè nídìí tẹ́níìsì orí tábìlì?

Màmá Àkànní, Abẹ́òkúta, béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín níbí o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí láàmú, mo sì gbàgbọ́ pé àwọn tó mọ ìdí tẹ́níìsì orí tábìlì dáadáa wà lára yín tí wọn yóò lè là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 13, kò sì sí ohun tó ń rò ju bátì àti bọ́ọ̀lù lọ. Tábìlì tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé rẹ̀ ti gba òjò sára, igun kan rẹ̀ ti wú, ọmọ yìí sì ti mọ igun náà débi pé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí i, kí ó lè ta sí ọ̀nà tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a kò retí. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un wálé. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ̀ pé níbi tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì gidi, tábìlì kì í ní igun tó wú.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wò lórí fóònù mi, Darko Jorgić ti Slovenia ló wù ú jù. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe Quadri Aruna tiwa tàbí àwọn ará Ṣáínà, ó ní Jorgić wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí ohunkóhun. Èmi náà lọ wádìí orílẹ̀-èdè yìí, mo sì rí i pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé Ìbàdàn nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kàn mí gan-an nìyí. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú àwọn eléré ìdárayá wá bá wa nílé. Ó ní tí a bá lè wá owó, òun yóò mú ọmọ náà lọ sí ìdíje kan ní Yúróòpù, àti pé ìdíje kan ṣoṣo ti tó kí àwọn tó ń wá ọmọ tuntun fi rí i. Owó tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí mo ti ń kó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti ọdún mẹ́rin. Ọmọ mi ń bẹ̀ mí. Ó ní Jorgić náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó na Harimoto ti Japan ní Òlíńpíìkì Tokyo. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Kí ni ọmọkùnrin náà ṣe tó fi dé ibi tó dé?

Kóòṣì Ṣómólú dáhùn pé:

Màmá Àkànní, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré yìí, mo sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín sọ yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ohun tó rí ní Tokyo kì í ṣe irọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Jorgić pé ọdún 23, òun àti Tomokazu Harimoto ti Japan pàdé ní ìpele ẹlẹ́ni 16 nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ọmọ ọdún 18 ni Harimoto nígbà náà, òun sì ni wọ́n tò sí ipò kẹta nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó wá gbá bọ́ọ̀lù. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbọ̀ngàn náà ṣófo nítorí àrùn Kòrónà. Géèmù méje ni wọ́n gbá, Jorgić mú mẹ́rin nínú rẹ̀. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, Lin Yun-ju ti Taiwan ló dá a dúró, ṣùgbọ́n wíwọ inú ẹni mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíńpíìkì kì í ṣe ohun kékeré fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó dé Tokyo. Ìlú Trbovlje ni wọ́n ti bí Jorgić ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1998. Àfonífojì tí wọ́n ti máa ń wa èédú tẹ́lẹ̀ ni ìlú náà wà, ọ̀pá èéfín iléeṣẹ́ mànàmáná kan sì wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 360, tí kò sí irú rẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù. Hrastnik, ìlú kékeré tó múlé gbe Trbovlje, ni àwọn ará Slovenia fi ń pè é ní ọmọ ìlú rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí owó ti ń ṣàn, kò sì sí èèyàn púpọ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti gbéra lọ sí Jámánì, sí ẹgbẹ́ tẹ́níìsì orí tábìlì ti 1. FC Saarbrücken, nínú líìgì tó le jù ní Yúróòpù. Ní ọdún 2020, ọdún kan gbáko kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Tokyo, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ife líìgì Jámánì.

Nítorí náà, Harimoto kò bá àjèjì pàdé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ rọ ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá eré ni, ní àwọn gbọ̀ngàn tí kámẹ́rà àgbáyé kì í sábà dé. Èmi gbà pé Tokyo kàn fi í hàn ni. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ yàtọ̀.

Ẹ tún wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2022, ó gba ìdíje àwọn ẹni 16 tó dára jù ní Yúróòpù, èyí tí wọ́n ṣe ní Montreux ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ó sì tún gbà á ní ọdún 2023. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó dé àṣekágbá ìdíje Yúróòpù ní Munich, Dang Qiu ti Jámánì ló borí rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ní 2023 àti 2024, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó ta yọ ní Yúróòpù. Ó wọ inú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ẹni tí ọjọ́ kan ṣoṣo bá gbé sókè kì í pẹ́ lókè tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn, mo fẹ́ kí àwọn tó wà lókè òkun kọ́kọ́ sọ tiwọn ná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Jámánì dáhùn pé:

Ẹ ṣé, Kóòṣì. Màmá, mo kí yín. Itòsí Frankfurt ni mò ń gbé, mo sì ti lọ wo líìgì yìí lójúkojú nígbà bíi mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá tíì rí i yóò rò pé ibi ìwòran ńlá bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni.

Gbọ̀ngàn eré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọ̀kan nínú èyí tí mo lọ. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà láàárín, wọ́n fi pátákó kékeré yí i ká kí bọ́ọ̀lù má baà sá lọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà kan ń ta kéèkì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe láti ilé wá. Ibi tí mo jókòó sún mọ́ tábìlì débi pé mo ń rí òógùn ọwọ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ó tó sáàfù, ìyẹn kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti bẹ̀rẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹ́wọ́ nu orí tábìlì létí àwọ̀n, níbi tí bọ́ọ̀lù kì í sábà balẹ̀ sí. Lẹ́yìn àmì mẹ́fà mẹ́fà, wọn yóò sáré lọ síbi aṣọ ìnura, nítorí òfin kò gbà wọ́n láàyè láti lọ nígbà tó bá wù wọ́n. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà inú wọn kì í kánjú padà. Wọn yóò nu ojú, wọn yóò nu bátì, wọn yóò mí kanlẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé wọ́n ń ro sáàfù tó kàn ni.

Ẹni mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú ìfigagbága mẹ́ta ló borí. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin. Tó bá jẹ́ ìdíje tí oníkálukú ń gbá fún ara rẹ̀ ni, tó bá fìdí rẹmi láàárọ̀, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú nírọ̀lẹ́. Nínú líìgì, tó bá fìdí rẹmi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè gbà á sílẹ̀, wọ́n sì lè tún pè é padà sídìí tábìlì lọ́jọ́ náà gan-an láti gbá èyí tí gbogbo nǹkan dúró lé lórí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò tún gbá. Owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, ilé tó ń sùn wà, kóòṣì kan náà ló ń wò ó láti oṣù dé oṣù.

Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánrawò. Ní Saarbrücken, Patrick Franziska, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì Jámánì, wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Jorgić. Ẹ rò ó wò: kí ọmọ èèyàn jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì, kí ó tún bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mélòó ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ tó lè wà nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ? Ohun tí Slovenia kò lè fún un nílé, líìgì Jámánì ló fún un, ó sì wá ń lo agbára náà lábẹ́ àsíá Slovenia.

Màmá, ìdíje kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn ń sọ kò lè fún ọmọ yín ní èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Agbábátì Àtijọ́ dáhùn pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ta kò nínú ohun tí Kóòṣì àti Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ nípa líìgì, ṣùgbọ́n mo rò pé a ti fo nǹkan méjì, tí a kò bá sì sọ wọ́n, Màmá yóò rò pé gbogbo ọ̀nà tí Jorgić gbà ló ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tiwọn náà.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà. Slovenia ti wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ọdún 2004, nígbà tí Jorgić kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Nígbà tó máa lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kò tọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì lè wọ mọ́tò padà sílé lọ kí ìyá rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ọmọ Abẹ́òkúta kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kí Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Sporting ní Pọtogí àti fún Fulda ní Jámánì, ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá a nílé, ó ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ní Rio ní ọdún 2016, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Òlíńpíìkì. Ẹni ọdún 28 ni nígbà yẹn. Ní 2022 ló wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé. Jorgić dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ kan náà kí ó tó pé ọdún 23. N kò sọ pé Jorgić mọ eré ju Aruna lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà tó jìn fún ọ̀kan, ọ̀nà ilé ni fún èkejì.

Ìkejì ni pé ẹnìkan ti la ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀. Bojan Tokič, tí wọ́n bí ní 1981, ti ṣojú Slovenia ní Beijing ní 2008, ní London ní 2012 àti ní Rio ní 2016. Tokič náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Saarbrücken yìí kan náà. Nígbà tí Jorgić ń dàgbà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ọmọ Slovenia lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí ó ń rí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ náà sì ti mọ irú ọmọ tó ń ti Slovenia wá. Nínú orílẹ̀-èdè kékeré, ẹnìkan ṣoṣo tó bá ṣáájú lè tó láti sọ igbó di ọ̀nà. Tiwa kọ́ ni ká máa wá irú rẹ̀, a ní Segun Toriola àti Funke Oshonaike, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí Òlíńpíìkì nígbà méje.

Ohun kan ṣì wà tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè kékeré lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí. Ní Òlíńpíìkì, orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ mú ju ẹni méjì lọ sínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ní Tokyo, Ma Long àti Fan Zhendong ni Ṣáínà mú, Xu Xin kò sì rí ààyè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lè na púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ṣáínà lè jẹ́ ẹni kẹta tàbí ìkẹrin láyé kí ó sì jókòó sílé. Ọmọ Slovenia tó bá mọ eré dé ìwọ̀n kan yóò lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí pẹ̀lú, nítorí bí ìlú kékeré ṣe ń dínà fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fún un láyè.

Màmá Àkànní tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ọmọ náà lálẹ́ àná, bàbá rẹ̀ sì jókòó tì wá. Nígbà tí mo dé ibi ìyá àgbà tó ń ta kéèkì, ó ní kí n tún un kà. Kò sọ nǹkan kan nípa Tokyo mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n bi Kóòṣì léèrè pé kí ni Jorgić ń ṣe nídìí tábìlì tí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ìsinsìnyí. Èmi náà sì ń retí ohun tí ẹ fẹ́ sọ lórí owó yẹn, Kóòṣì.

Kóòṣì Ṣómólú dáhùn pé:

Ìbéèrè ọmọ yín dára gan-an, inú mi dùn sí i. Kí ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ Jorgić, ìyẹn bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló jẹ́ pé iwájú ọwọ́ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Tí bọ́ọ̀lù bá wá sí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, wọn yóò kàn tì í padà, tàbí kí wọ́n sáré yí gbogbo ara ká kí wọ́n lè fi iwájú ọwọ́ gbá a, tí ẹnìkejì yóò sì gbá èyí tó tẹ̀ lé e sí ibi tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀. Jorgić ga, apá rẹ̀ gùn, ó sì máa ń dúró sítòsí tábìlì, kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kọlu bọ́ọ̀lù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sókè, kí alátakò rẹ̀ tó gbára dì. Ibi tí àwọn mìíràn ti ń dáàbò bo ara wọn ni òun ti ń jà. Kí ọmọ yín wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀, kí ó má wo bọ́ọ̀lù. Kí ó sì máa gbá 200 ẹ̀yìn ọwọ́ lójoojúmọ́ sí ibì kan ṣoṣo lórí tábìlì, ó lè fi chọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ó tó gbá géèmù pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ní ti owó, Màmá, n kò mọ ọkùnrin tó wá bá yín, n kò sì fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ẹgbẹ́ wo ló ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ rí ọmọ náà, ta ni yóò máa kọ́ ọ lẹ́yìn tí ìdíje bá parí, ta ni yóò sì gbọ́ bùkátà rẹ̀ lóṣù kejì? Tí kò bá rí ìdáhùn sí i lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí owó yín wà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gbé ìdíje àgbáyé tẹ́níìsì orí tábìlì kan, WTT Contender, wá sí Èkó, ní gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas tó wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun. Owó ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta sí Súrùlérè ni ẹ nílò. Tí wọ́n bá tún gbé e wá, ẹ mú un lọ, kí ó jókòó síbi tó ti lè rí ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún tábìlì ilé ìwé yẹn ṣe. Ọmọ tó bá ń fi igun tó wú borí ń kọ́ ohun tí yóò tún ní láti gbàgbé lọ́jọ́ iwájú.

Màmá Àkànní tún kọ̀wé pé:

Mo ti gbọ́ o, Kóòṣì, ẹ ṣeun. Bàbá rẹ̀ bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn lórí fóònù láàárọ̀ yìí, ó ní òun yóò pè wá padà. A ti bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀, kápẹ́ńtà yóò sì wá lọ́jọ́bọ̀ láti pààrọ̀ pákó ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́, nítorí igun rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n mo rí chọ́ọ̀kì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọ aṣọ.